Iṣẹ́ Òòjọ́ Tó Lágbára Jù Lórí Ayé: Àpẹẹrẹ Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà

Iṣẹ́ òòjọ́ tó lágbára lórí ayé ni èyí tí èso rẹ̀ ń dé ara, ilé tàbí àpò ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é rí. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, ìlú díẹ̀ ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere tó Ọ̀tà, ìlú Àwórì tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Ṣàngó-Ọ̀tà tó fara kàn án. Òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta gba Ṣàngó kọjá, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìdírókò ti ya lọ sí bodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí wà lára ohun tó fa ilé-iṣẹ́ wá síbẹ̀.

Kí ilé-iṣẹ́ tó dé, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, oníṣègùn àti agbẹ́gilére ló di ìlú mú. Láàárín àwọn ọdún 1850, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán James White, ọmọ Saró, wá síbẹ̀ láti wàásù. Ní 1979, Olusegun Obasanjo gbé ìjọba ológun sílẹ̀, ó sì dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ní 1999 ó padà di ààrẹ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìjọsìn Faith Tabernacle tó gba 50,000 ènìyàn ní Canaanland, ọ̀dọ̀ David Oyedepo, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé kó tó di oníwàásù. Yunifásítì Covenant tẹ̀lé e ní 2002. Orúkọ àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu bí a bá ní ta ló ń darí ayé láti Ọ̀tà, kò sì sí ẹni tó lè ní wọn kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ Ọ̀tà gùn dé gbọ́dọ̀ wo inú ọgbà ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn apòògùn. May & Baker, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1944, ní ibi ìpòògùn ní Ọ̀tà; Fidson náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Bí àgbá èròjà bá dé láti òkèèrè, wọn kì í gbé e wọ ibi ìpòògùn tààrà. Wọ́n á yà á sọ́tọ̀, wọ́n á bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, àgbá náà kò sì ní kúrò lójú kan àfi bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bá buwọ́ lùwé. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní òpin 2008, omi oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣe ní Èkó, ní májèlé diethylene glycol nínú. Kíndìnrín àwọn ọmọ tó mu ún daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì 2009, ọmọ 84 ti kú. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa májèlé kan náà nínú oògùn ikọ́ tó ti Íńdíà dé Gáḿbíà, èyí tí wọ́n so mọ́ ikú ọmọ tó lé ní 60. Ìbúwọ́lùwé ẹni tó yẹ èròjà wò wà lára ohun tó dúró láàárín ìyá tó ń ra oògùn àti irú ikú bẹ́ẹ̀. Dora Akunyili, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn tó darí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, láti 2001 sí 2008, mọ èyí dáadáa, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti lé ayédèrú oògùn kúrò lọ́jà.

Awakọ̀ akẹ́rù ló tẹ̀ lé àwọn apòògùn. Onímọ́tò akẹ́rù ni Malcom McLean ará Amẹ́ríkà. Ní 1956, ó to kọ̀ntéénà 58 sórí ọkọ̀ ojú omi kan láti Newark lọ sí Houston, ìyẹn ló sì yí òwò gbogbo ayé padà. Títí di òní, kọ̀ntéénà ni tírélà ń fà láti èbúté Apápá wá sí Ọ̀tà. Níbi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, ọmọ ọkọ̀ á máa sáré lẹ́yìn pẹ̀lú igi tí yóò fi há táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù náà ní agbára tiwọn: ìjọba àpapọ̀ ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, àwọn náà wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó sì di 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí Ìdírókò.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ irin, wọ́n ń yọ́ irin àlòkù tó wá láti ààtàn àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ẹni tó dúró ti ìléru kò lè mọ ilé tí ọ̀pá náà yóò gbé ró. Jórinjórin àti rewáyà ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn dákẹ́.

Bí a bá ní ká mú ẹyọ kan, iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ nǹkan wò kó tó jáde lágbára jù, nítorí àṣìṣe wọn kì í dúró sí Ọ̀tà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àdúgbò yìí wà lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe láìní ìwé lọ́wọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí tirẹ̀ gbà, kó lọ béèrè fún un.