Beryl: Orírun Orúkọ Kan àti Òkúta Ilẹ̀ Okun

Àwọn tí ń kọ̀wé lórí orúkọ Yorùbá a máa tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ Yorùbá ní ìtumọ̀, ti òyìnbó kò ní. Bí a bá sọ ọmọ Owé kan ní Beryl ní Kàbbà, wọn yóò ní orúkọ ìrìbọmi lásán ni. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Beryl sọ ọmọbìnrin, nígbà tí orúkọ òkúta iyebíye gbajúmọ̀ láàrin wọn. Kì í ṣe orúkọ ẹni mímọ́ kankan. Òkúta ni nínú Bíbélì, ìkẹjọ nínú ìpìlẹ̀ Jerúsálẹ́mù tuntun (Ìfihàn 21:20). Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Faransé, Faransé lọ́wọ́ Látìnì, Látìnì lọ́wọ́ Gíríìkì. Íńdíà ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì: vaidūrya ni nínú èdè Sanskrit, veruliya sì ni nínú àwọn èdè Prakrit. Pliny ará Róòmù ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kìíní pé Íńdíà ni òkúta náà ti ń wá jù.

Ṣùgbọ́n òkúta yìí kò jìnnà sí Kàbbà. Ní Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà, tí ó wà lábẹ́ Ẹkùn Kàbbà nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, beryl wà nínú àpáta kan náà tí a ti ń wa tantalite. Síbẹ̀, sẹ̀gi àti iyùn ni Yorùbá fi ń sọ ọmọ: Sẹ̀gilọlá, Iyùnadé. Kí ló dé tí òkúta abẹ́ ẹsẹ̀ kò di orúkọ, tí iyùn tí ó ti inú òkun wá sì dì í?

Àwọn onígírámà Íńdíà ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Pāṇini ní láti ara Vidūra, orúkọ ibì kan, ni a ti ṣẹ̀dá vaidūrya. Àwọn tí ó ṣàlàyé ìwé rẹ̀ takò ó pé òkè Vālavāya ni a ti ń wa òkúta náà. Èsì tí wọ́n rí ni pé Vidūra ni a ti ń dán an. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ibi ìwakùsà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ti Yorùbá mu gan-an, nítorí ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, láàrin ọ̀rúndún 11 sí 15, àwọn oníṣọ̀nà ń yọ́ dígí, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń fi sọ́rùn. Ní ti òkúta iyebíye Nàìjíríà, títí di òní, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń lọ sí òkè òkun láìdán.