Àkọlé Ojú Fídíò àti ti Ìpàdé Orí Ayélujára

Àkọlé ojú fídíò ni ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kí òǹwòran lè fi ojú ka ohun tí etí ìbá gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni a ń kọ síbẹ̀. Bí ìbọn bá dún lẹ́yìn ilé, bí ọmọ bá ń ké nínú yàrá tí kámẹ́rà kò dé, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá sí lójú àwòrán, àkọlé tó péye gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tí a máa ń rí ní ìsàlẹ̀ fíìmù. Ẹni tó gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè ni ìtumọ̀ wà fún. Ẹni tí ohùn kò dé etí rẹ̀, tàbí tí kò gbọ́ ọ já, ni àkọlé wà fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé wa pé ó lé ní mílíọ̀nù 430 ènìyàn láyé tí etí wọn ti bàjẹ́ dé ibi tí wọ́n fi nílò ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́.

Nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, adití àti ẹni tó ń gbọ́ jọ ń jókòó wo nǹkan kan náà ni, nítorí pé kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí àárín àwòrán. Fíìmù The Jazz Singer jáde ní 1927, sinimá tó ń fọhùn sì gba gbogbo ilé ìwòran lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ pòórá, adití sì di àjèjì níbi eré tó ti ń gbádùn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí èyí dùn jù ni Emerson Romero, adití tí wọ́n bí ní Havana lórílẹ̀-èdè Kúbà ní 1900, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣeré nínú sinimá aláìlóhùn ní Amẹ́ríkà. Ní 1947, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé fíìmù, ó ń ki ọ̀rọ̀ kíkọ bọ àárín àwòrán, kí àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀ lè tún máa wo sinimá. Ní 1958, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi owó ìlú sí fíìmù alákọlé tí wọ́n ń yá àwọn adití wò.

Tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Ní 1972, ilé iṣẹ́ WGBH ní ìlú Boston kọ àkọlé sí The French Chef, ètò tí Julia Child fi ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Ojú àwòrán gan-an ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pa á. Àwọn ẹnjiníà wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú ìlà kọkànlélógún nínú àwọn ìlà tó para pọ̀ di àwòrán tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tàn án, ẹni tí kò fẹ́ á fi í sílẹ̀. March 16, 1980 ni irú àkọlé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ìṣòro kan ló kù: ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń tú u síta. Òfin 1990 ló yanjú èyí, nígbà tó pàṣẹ pé láti July 1993, tẹlifíṣọ̀n tó bá ti tó ínǹṣì 13 gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀rọ náà nínú. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìtàn yìí, òfin yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí pé ó gbé ẹrù náà kúrò lórí adití, ó gbé e lé ẹni tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n lórí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjà náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ àwọn adití ní Amẹ́ríkà gbé Netflix lọ sí kóòtù. Ní 2012, ilé iṣẹ́ náà gbà láti kọ àkọlé sí gbogbo fíìmù rẹ̀ kí ó tó di òpin ọdún 2014. YouTube ti bẹ̀rẹ̀ àkọlé tí ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ kọ ní 2009. Ken Harrenstien, ẹnjiníà Google tó jẹ́ adití, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ti ìpàdé orí ayélujára, ọ̀nà mẹ́ta ni àkọlé ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ń gbà dé ojú ìwòran. Àkọ́kọ́ ni ti akọ̀wé tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkànṣe, tó ń tẹ bọ́tìnnì púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ lè kọ ju igba ọ̀rọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ni ti ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń tún un sọ ketekete sí ẹ̀rọ, pẹ̀lú àmì ìdánudúró rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ nìkan, èyí tí Zoom sọ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní 2021.

Ọ̀fẹ́ yìí ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn mìíràn rò pé bí wọ́n bá ti tan àkọlé, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọlé máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí alága bá béèrè pé ta ló ní ìbéèrè, tó sì kọjá lọ kíá, adití kò tíì ka ìbéèrè náà tán tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ènìyàn méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ̀rọ á lọ́ ọ̀rọ̀ wọn mọ́ra, kò sì sí ẹni tó máa mọ èwo ni ti ta. Nítorí náà ìwà àwọn tó wà ní ìpàdé ni ìdajì iṣẹ́ àkọlé: kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kí ó tan kámẹ́rà rẹ̀ kí ẹni tó ń wo ètè lè rí ẹnu rẹ̀, kí alága sì dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Ó yẹ kí akọ̀wé ti rí orúkọ àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tó le kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ká tó ṣe gbogbo èyí pàápàá, ó yẹ ká bi adití náà léèrè ohun tó fẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èdè ọwọ́ ni èdè àbínibí wọn; ògbufọ̀ ni wọ́n nílò, àkọlé kò lè dípò rẹ̀.

Àṣìṣe ẹ̀rọ kì í sì í bá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 yẹ ẹ̀rọ Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ funfun bá sọ, nǹkan bí 19 ni wọ́n ń ṣì kọ; bó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú ló sọ ọ́, ó ń tó 35. Bí ọmọ Amẹ́ríkà bá ń jìyà èyí nílùú rẹ̀, ẹni tó ń fi ohùn Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbé ọkàn lé ẹ̀rọ láì ṣe àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wá gba àròjinlẹ̀ tirẹ̀. Andrew Foster, adití tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ìwé gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954, dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ló sì mú wá. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ adití wa ní ìwé kíkà, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára fíìmù Yorùbá sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan nípa ìró. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di lọ́jọ́ alẹ́, tó ń ka Bíbélì Yorùbá àti ìwé ìròyìn Aláròyé láìsí wàhálà, kò rí nǹkan kan kà nínú fíìmù tí wọ́n fi èdè rẹ̀ ṣe.

Ìlù tún ń bẹ. Nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù Tunde Kelani tó jáde ní 1999, orí ìlù ni ìtàn náà dúró lé. Bí gángan bá ń kọ oríkì tàbí tó ń pòwe, tí akọ̀wé sì kọ pé ìlù ń dún, kò tíì kọ nǹkan kan. Ohun tí ìlù sọ ló yẹ kó kọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, bó bá tilẹ̀ gba pé kó lọ jókòó ti onílù kó tó lè gbọ́ ọ yé. Ẹ̀rọ kankan kò tíì lè bá wa ṣe ìyẹn.

Nàìjíríà ní òfin tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní January 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù Yorùbá, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni máa fi òfin mú yín. Ẹ ti ń náwó sórí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi àkọlé Yorùbá kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn adití bá yín wò ó kí fíìmù tó jáde.