Bí Ọmọdé Ṣe Ń Kọ́ Ẹja Pípa ní Ilẹ̀ Olókè

Ẹni tí ó bá ti dé Ṣúpárè Àkókó rí yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ pé ẹja pípa ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Òkè àti àpáta ni ìlú wa, iṣu àti kòkó ni a sì ń gbìn. Bí a bá dárúkọ apẹja ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn Ìlàjẹ tí ń gbé etí òkun ni ọkàn olúkúlùkù ń lọ sí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí odò kékeré pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ní Katanda, lẹ́bàá odò Semliki ní ilẹ̀ Kóńgò, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọ̀kọ̀ tí a fi egungun gbẹ́, tí ó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú egungun àrọ̀ ńláńlá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 90,000 ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn jiyàn lórí iye náà. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí í ṣe ìpínlẹ̀ Yòbè nísinsìnyí, ó sì kan ọkọ̀ onígi kan tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí 8,000 ọdún. Èmi a máa rò ó pé ọmọdé kan ní láti wà lẹ́yìn àwọn àgbà wọ̀nyí, tí ó gbé igbá ẹja lọ́wọ́, tí a sì ń bá a wí pé kí ó dákẹ́.

Nítorí pé igbá ni a kọ́kọ́ gbé lé èmi náà lọ́wọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò wa a fà, a sì ku ọ̀gọ̀dọ̀ omi káàkiri láàárín òkúta. Àwọn obìnrin a fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀gọ̀dọ̀ náà, wọn a gbọ́n omi rẹ̀ títí ẹja yóò fi máa ta pọ́ún-pọ́ún nínú ẹrẹ̀. Ìyá mi àgbà mú mi lọ nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé igbá! Ní ọdún kejì a rán mi láti wú ekòló fún ìjẹ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀. Bí mo bá ráhùn, ìyá àgbà a ní, “Ọmọ mi, tútù ni a ti í ká ẹja.” N kò mọ̀ nígbà náà pé èmi gan-an ni ẹja tí ó ń ká.

Ó kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kí òjìji mi bọ́ sórí omi. Ó kọ́ mi pé ẹ̀gún mbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àrọ̀ méjèèjì, nítorí náà ẹ̀yìn ẹ̀gún wọ̀nyí ni kí n ti dì í mú. Àti pé bí mo bá rí òjìjí, kí n má fọwọ́ kàn án rárá, nítorí ó ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n ìgèrè ni ó le jù. Mo dẹ tèmi, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí òkè odò, ewé jíjẹrà ni mo bá nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àrọ̀ a máa gòkè odò lọ láti yé ẹyin. Ìsàlẹ̀ odò ni kí ẹnu ìgèrè kọ sí, kí ẹja tí ń bọ̀ lè wọ̀ ọ́, kí imọ̀ tí a tò sínú rẹ̀ má sì jẹ́ kí ó padà jáde.

Òfin kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: a kì í gbọ́n gbogbo ọ̀gọ̀dọ̀ tán. A ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀ fún irúgbìn. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kébbi, irú òfin bẹ́ẹ̀ di àjọ̀dún ńlá láti ọdún 1934: wọ́n a pa odò Matan Fada mọ́, Sarkin Ruwa a sì máa ṣọ́ ọ, títí di ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè wọ inú rẹ̀. Àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2016.

Tiwa kò ní olùṣọ́. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan da Gàmálín, oògùn tí a ń fín sí kòkó, sínú odò ní òru. Ní òwúrọ̀, ẹja funfun lọ gbuu lójú omi, àtàgbà àtọmọ, títí kan ọ̀pọ̀lọ́ àti akàn. Àwọn kan kó o lọ sí ọjà. Ìyá àgbà dúró létí odò pẹ̀lú igbá òfìfo, kò sọ̀rọ̀, ó sì mú mi padà sílé. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Stockholm fi ẹ̀là májèlé náà, tí a ń pè ní lindane, sínú àwọn tí a gbọ́dọ̀ fòpin sí lílò wọn lóko. Ìyá àgbà ti sùn kí ó tó di ìgbà náà.

Ẹja ti padà díẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá mo mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ síbẹ̀. Mo gbé igbá fún un. Ó bi mí pé, “Bàbá mi, nígbà wo ni ẹ ó fún mi ní ìwọ̀?” Mo ní kí ó dákẹ́, kí ẹja má bàa gbọ́.