Ogójì Ọjọ́ Lójú Omi

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń wo ìtàn àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ kiri òkun láti gbafẹ́, tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá dúró ní ọdún 2020. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó tó àkókò fún ọkọ̀ láti tún ṣí?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1377, àwọn aláṣẹ ìlú Ragusa, tí à ń pè ní Dubrovnik nísinsìnyí, pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà bọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìlú àfi bí ó bá kọ́kọ́ lo 30 ọjọ́ lẹ́yìn odi. Nígbà tí ó ṣe, ọgbọ̀n ọjọ́ di ogójì. Láti inú “quaranta”, tí í ṣe ogójì ní èdè Itali, ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún irú ìsémọ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde wá títí di òní. Àwọn ará ìgbà náà kò mọ kòkòrò àrùn. Ọjọ́ nìkan ni wọ́n lè kà.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwa náà sílẹ̀. Ní oṣù September 1918, ọkọ̀ òkun ni ó gbé àrùn influenza wọ Èkó. Bida, tí ó ti Gold Coast bọ̀, wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó gbé e dé. Láti èbúté ni àrùn náà ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn ìlú òkè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù February 2020, ọkọ̀ Diamond Princess dé Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáánù. Ènìyàn 3,711 ni ó wà nínú rẹ̀: èrò 2,666 àti òṣìṣẹ́ 1,045. A ní kí àwọn èrò jókòó sínú yàrá wọn fún 14 ọjọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé oúnjẹ fún wọn? Àwọn òṣìṣẹ́ náà ni. Àwọn tí ń sun yàrá kan náà, tí wọ́n sì jọ ń jẹun, ni wọ́n ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Ènìyàn 712 ni ó kó àrùn nínú ọkọ̀ náà. A ka ọjọ́ pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kíkà kò tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù March, ìjọba Amẹ́ríkà dá àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó wà lójú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù tí wọn kò rí ọ̀nà dé ilé. Síbẹ̀ ara àwọn kan kò gbà á mọ́. Ní oṣù July, ọkọ̀ Roald Amundsen ṣí ní ilẹ̀ Norway. Kí a tó mọ̀ pé àrùn wà nínú rẹ̀, àwọn èrò ti sọ̀ ní Tromsø, wọ́n sì ti túká. Àwọn tí ó kó o lé ní 60.

Ní ọjọ́ 16 oṣù August, MSC Grandiosa ṣí ní Genoa. Èyí gba ọ̀nà mìíràn. A yẹ ara gbogbo èrò àti òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó wọlé, a dín iye èrò kù, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo ìlú gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ rìn. Ìdílé kan yà kúrò lára ẹgbẹ́ ní Naples. Ọkọ̀ kò gbà wọ́n padà.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fi àṣẹ mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù October 2020: ọkọ̀ lè ṣí, bí ó bá mú àwọn ìlànà kan ṣẹ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ó di ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ọjọ́ 26 oṣù June 2021 ni Celebrity Edge tó kó èrò tí ó sanwó kúrò ní Fort Lauderdale.

Kí ni a rí kọ́? Ará Ragusa bi ara wọn pé, “Ọjọ́ mélòó ni?” Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ni pé, “Kí ni a ti ṣe láàárín ọjọ́ náà?” Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí ní ìgbà tí ọkọ̀ lè ṣí láìséwu, èmi yóò dá a lóhùn pé ọjọ́ tí ẹni tí ń fọ abọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ bá rí ààbò kan náà gbà pẹ̀lú ẹni tí ń jẹun lókè ni. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Bí àrùn bá mú ọ̀kan, kò ní ṣàì kan èkejì.