Third Class: Bí òṣùwọ̀n tó ti London wá ṣe di odi níwájú àwọn tó fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ

Iye kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà kì í fẹ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Iye náà ni 2.40.

Ẹni tí CGPA rẹ̀ bá jẹ́ 2.40 nínú 5.00 yóò gba Second Class Lower. Ẹni tó bá ní 2.39, Third Class ni tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe nǹkan bíi 200 yúnìtì láàárín ọdún márùn-ún tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà, ìyàtọ̀ yìí kò ju kéèyàn gba D dípò C nínú kọ́ọ̀sì oníyúnìtì méjì kan ṣoṣo lọ.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ kọ̀wé láti lọ ṣe oyè másítà, ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti máa yà. Ẹni àkọ́kọ́ lè kọ̀wé tààrà. Ẹnìkejì rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ fásitì ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣe PGD fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì ṣe dáadáa níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ta ló wá fa ìlà yìí? Ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí Nàìjíríà tó ní fásitì kankan.

Ìwé ẹ̀rí Yaba tí kò ní iyì lókè òkun

Lọ́dún 1932 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ Higher College tó wà ní Yaba, nílùú Èkó. Oṣù Kínní ọdún 1934 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀. E.R.J. Hussey, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló gbé èrò ilé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dìgírì ni wọ́n ń gbà jáde níbẹ̀. Dípúlómà ni, Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì ti kà á sí. Ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yaba, olùrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, lábẹ́ òyìnbó tó ní dìgírì. Ó lè mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gba ipò ọ̀gá náà.

Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó nínú. Lọ́dún 1934 kan náà, Dókítà J.C. Vaughan, Ernest Ikoli, H.O. Davies àti Samuel Akinsanya dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀. Lára ohun tó mú wọn kóra jọ ni ìwé ẹ̀rí Yaba tí kò bá ti òyìnbó dọ́gba. Lọ́dún 1936, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Nigerian Youth Movement, ó sì di ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbilẹ̀ kọjá Èkó. Kì í ṣe owó orí, kì í ṣe ilẹ̀, ìjà lórí ohun tí ìwé ẹ̀rí tó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò kan náà ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ ní Achimota ń ṣe ìdánwò fún dìgírì fásitì London láì kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ yìí tún dun àwọn ará Èkó sí i.

London dé Ìbàdàn, ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ sí Zaria

Lọ́dún 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, dìgírì gidi ni, orúkọ fásitì London ló sì wà lórí rẹ̀. Títí di ọdún 1962 tí Ìbàdàn dá dúró, London ló ń fọwọ́ sí ìdánwò àti èsì rẹ̀.

Bí London ṣe ń pín oyè ni Ìbàdàn náà ṣe ń pín in: First Class, Second Class tí wọ́n pín sí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, Third Class, lẹ́yìn náà Pass. Àwọn fásitì àtijọ́ bíi Oxford àti Cambridge ni àṣà ká máa to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ipò ti tàn dé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi ará Ìbàdàn léèrè bóyá ó fẹ́ ẹ. Inú ẹrù kan náà ló bá dìgírì wá, àwọn tó ti ń jà fún dìgírì tó bá ti òyìnbó dọ́gba kò sì ní torí ìyẹn dá ẹrù padà.

Láyé ìgbà náà, àwọn tó ní dìgírì kò pọ̀. Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, ìjọba ń wá ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, ẹni tó ní dìgírì kì í sì í wáṣẹ́ tì. Síbẹ̀, ipò tí èsì èèyàn wà ti ń dá ìrònú sílẹ̀. Chinua Achebe, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, jáde pẹ̀lú Second Class lọ́dún 1953. Ó dùn ún pé kò gba èyí tó ga jù, kò sì kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò yà sí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Things Fall Apart jáde.

Ìbàdàn kò ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka Zaria ti Nigerian College of Arts, Science and Technology ni ìmọ̀ ẹ̀rọ fìdí kalẹ̀ sí. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló di fásitì Ahmadu Bello lọ́dún 1962.

Nsukka gbé ìṣirò Amẹ́ríkà wọlé

Nnamdi Azikiwe kò lọ sí London ní tirẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, ó mọ bí àwọn tó gba dìgírì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú dìgírì Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ṣí fásitì Nàìjíríà ní Nsukka lóṣù Kẹwàá ọdún 1960, fásitì ìpínlẹ̀ Michigan ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e kalẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní àwòṣe Amẹ́ríkà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlànà méjèèjì pọ̀. Ní ti London, ìdánwò àṣekágbá ló máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nípa ipò tí èèyàn máa wà. Ẹni tó bá ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ṣì lè gbé orí sókè níkẹyìn. Ní ti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gé ẹ̀kọ́ sí yúnìtì, wọ́n máa ń fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ààmì, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ wá ìpíndọ́gba. Kò sí ohun tó ń sọ nù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kì í lẹ Third Class mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí.

Nàìjíríà mú ìṣirò Amẹ́ríkà, ó sì fi orúkọ London pè é. Nígbà tí wọ́n fi fọwọ́ sí òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ fún àwọn fásitì lábẹ́ àjọ NUC lọ́dún 1989, ètò yúnìtì ti ń di ti gbogbo fásitì. Ohun tó le nínú ìlànà méjèèjì ló bá akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: kò sí àṣìṣe tó ń parẹ́, orúkọ sì tún wà fún un.

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní 1.2 lọ́dún àkọ́kọ́, 1.7 lọ́dún kejì, 2.1 lọ́dún kẹta, 3.0 lọ́dún kẹrin àti 3.6 lọ́dún karùn-ún, tí yúnìtì ọdún kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 2.32. Third Class nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún tó gbẹ̀yìn tó Second Class Upper. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò àti físíìsì, kó tó di pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ẹ̀rọ, ló máa ń ba èsì ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, kódà bí èèyàn bá tún kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi ṣe tó sì yege, F àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìṣirò.

Iye náà kò tilẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 7 ni fásitì Ìbàdàn fi ń ṣe òpin òṣùwọ̀n tirẹ̀ nígbà tí àwọn mìíràn ń lo 5. Ẹni tó ní 3.6 ní Ìbàdàn wà ní Second Class Lower, bẹ́ẹ̀ Second Class Upper ni irú iye bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbòmíràn. Ní Dakar, Abidjan tàbí Cotonou, 20 ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹni tó gba 12 níbẹ̀ ti ṣe dáadáa níwọ̀nba, ẹni tó bá sì gba 16 ti wà lókè pátápátá. Bí ará Èkó bá fi ojú ìdá ọgọ́rùn-ún wo 12 yẹn, 60 ni yóò rí.

Ẹnu ọ̀nà PGD

Ẹnu ọ̀nà PGD yìí kan náà ni àwọn tó gba HND ní pólì ń gbà. Àjọ COREN, tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, máa ń forúkọ ẹni tó ní HND sílẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹnjiníà. Lọ́dún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tó fẹ́ fòpin sí ìyàtọ̀ láàárín HND àti dìgírì. Títí di òní, ẹni tó ní HND tó fẹ́ ṣe másítà ní fásitì ṣì ń kọ́kọ́ gba ọ̀nà PGD.

PGD kì í ṣe ìyà lásán. Ó jẹ́ àǹfààní fún èèyàn láti fi èsì tuntun hàn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbádùn ìmọ̀ ẹ̀rọ nítorí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì kì í mọ ẹni tó ń kánjú. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, ó sì tún gba oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022. PGD ọlọ́dún kan lè di ọdún méjì bẹ́ẹ̀.

Ojú tí òkè òkun fi ń wò ó

Ìlà London ṣì wà nílé ibi tó ti wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè dìgírì tó bá Second Class Upper dọ́gba, pẹ̀lú ìrírí iṣẹ́. Àjọ PTDF, tí Nàìjíríà fi owó epo dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, ti máa ń gba Second Class Lower fún másítà bí ẹni náà bá ní ìrírí iṣẹ́ epo. Third Class kò sí nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, 3.0 nínú 4.0 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́fíìsì ìgbàwọlé nìkan ló ń dá ẹjọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka náà máa ń wo kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà àwọn tó mọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àti ohun tó ti ṣe látìgbà tó ti jáde. Níbẹ̀ àti ní Kánádà, àwọn fásitì kan máa ń wo ọdún méjì tó gbẹ̀yìn nìkan. Lójú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní 2.32 lókè yìí, 3.0 àti 3.6 ni wọ́n máa rí. Ìdánwò GRE tún máa ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà àjàkálẹ̀ ààrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà kan tó lè fi bo èsì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti dí nìyẹn.

Ní Yaba, ilé ẹ̀kọ́ tó rọ́pò Higher College lọ́dún 1947 ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yaba College of Technology ni wọ́n ń pè é báyìí. HND ló ń fún wọn, àwọn tó bá sì fẹ́ lọ ṣe másítà lára wọn, PGD ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí.