Ọgbà Ẹlẹ́gùn-ún Freeman: Ibi Tí Oko Kan ní Nebraska Wà Gan-an

Èrò òpìtàn Turner ti 1893, pé ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ló sọ Amẹ́ríkà di Amẹ́ríkà, kò tíì kúrò lójú àwọn tó ń ka ìtàn oko Daniel Freeman nítòsí Beatrice. Òfin 1862 ní kí ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ 160 éékà fún ọdún márùn-ún, tó sì dáko níbẹ̀, di onílẹ̀. Freeman forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1863, lọ́jọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ní 1936, ìjọba sọ oko náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀yà Otoe àti Missouria ni agbègbè náà wà títí di àdéhùn 1854. Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Èyí kọ́ ni ìjà gan-an. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé wọ́n ń pe gbogbo ibẹ̀ ní ohun tí a pa mọ́, láì ya ohun tó ṣẹ́kù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbé wá àti ohun tí a tún gbìn. Ilé pákó tí àlejò ń yà ní fọ́tò, ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16, George Palmer ló kọ́ ọ ní 1867, níbòmíràn ní Gage County. Wọ́n kàn gbé e wá ni. Freeman kò sùn nínú rẹ̀ rí. Ọ̀dàn koríko gíga ńkọ́? Láti 1939 ni wọ́n ti ń gbìn ín padà, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti túlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ ìtúlẹ̀ tí òfin torí rẹ̀ fún Freeman nílẹ̀ ni koríko bò mọ́lẹ̀, kí a lè bọlá fún Freeman.



Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ń fò dá ni ọgbà igi Osage orange tó wà ní ààlà gúúsù. Freeman ló gbìn ín. Kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Glidden hùmọ̀ tó dé ní 1874, ẹ̀gún igi yìí ni àwọn àgbẹ̀ fi ń dá màlúù lẹ́kun. Igi rẹ̀ le débi pé àwọn ẹ̀yà Osage fi ń ṣe ọrun. Àlejò ni ní Nebraska. Apá Texas àti Arkansas ló ti wá. Bí a bá fi òté lé e pé ọ̀dàn àtijọ́ nìkan ló yẹ níbẹ̀, àfi kí a gé e.

Bóyá àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ọgbà yẹn ni oko náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti máa mú àlejò bẹ̀rẹ̀, kí a sì yọ̀ǹda éékà bíi mélòó kan nínú ọ̀dàn náà fún àgbàdo, kí iṣẹ́ ìtúlẹ̀ Freeman lè tún hàn.