Dub Side of the Moon: Orin rọ́ọ̀kì tó di régè

Ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ Easy Star All-Stars ti New York gbé àwo orin yìí jáde. Gbogbo orin inú The Dark Side of the Moon, tí Pink Floyd ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1973, ni wọ́n tún kọ ní ìlànà régè àti dub.

Kí ló ń jẹ́ dub gan-an? Kingston ní Jàmáíkà ló ti bẹ̀rẹ̀. King Tubby, ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò dunjú (iṣẹ́ wa náà ni!), máa ń yọ ohùn akọrin kúrò nínú orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, á ṣẹ́ ìlù àti béèsì kù, á wá jẹ́ kí ìyókù máa dún padà bíi gbohùngbohùn.

Ṣùgbọ́n Michael Goldwasser, tó ṣètò àwo náà, kò gé téèpù Pink Floyd. Àwọn olórin tirẹ̀ ló lu gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Money ló le jù: méje-méje ni ìlù orin náà ń rìn, mẹ́rin-mẹ́rin sì ni régè mọ̀. Wọn ò yí i padà o. Ìró owó tó ṣíwájú orin náà nìkan ni wọ́n fi ikọ́ ẹni tó ń fa igbó rọ́pò.

Lọ́dún 2006, OK Computer ti Radiohead ló kàn.